Owó orí tí ìjọba gbà jù, kó dá a padà lásìkò

Àwọn àgbà ló ní ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Owó tí èèyàn fẹ́ fi wo àìsàn, tàbí èyí tó fẹ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ, ní àsìkò tó yẹ kó wọlé. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọmọ ti kúrò nílé-ìwé ló tó dé, owó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe ti bọ́.

Àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò tíì gbàgbé ayé ìgbà tí àwọn agbowó-orí máa ń ká èèyàn mọ́lé ní ìdájí, tí ẹni tí kò ní rìsíìtì lọ́wọ́ yóò sá wọ inú igbó ọ̀pẹ lọ. Ayé ti yí padà. Lónìí, kí òṣìṣẹ́ tó fojú kan owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti yọ owó orí kúrò níbẹ̀. Kí agbaṣẹ́ṣe tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ti yọ ti ìjọba sílẹ̀. Gbígba owó orí kò nira fún ìjọba bíi ti àtijọ́ mọ́. Dídá èyí tí wọ́n bá gbà jù padà ló wá di iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀nà tí àgbàjù fi ń wáyé kò fara sin. Káfíńtà tó bá kan àga àti tábìlì fún ilé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ì báà jẹ́ ní Ìlútitun tàbí Òde-Ìrèlè, wọn yóò yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó orí àsansílẹ̀. Nígbà tí ọdún bá parí tí wọ́n ṣírò èrè rẹ̀, ó lè hàn pé owó orí tó yẹ kó san kò tó èyí tí wọ́n ti yọ. Ìyókù kì í ṣe ti ìjọba. Ti káfíńtà ni. Bákan náà ni tíṣà tí wọ́n yọ tirẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí àṣìṣe akọ̀wé. Owó ìfẹ̀yìntì pàápàá, òfin kò ní kí wọ́n gba owó orí lórí rẹ̀.

Àwọn òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2026. Lábẹ́ wọn, ẹni tí owó-oṣù rẹ̀ kò ju iye tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí kì í san owó orí mọ́. Ẹlòmíràn pẹ̀lú kò ní san kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí wọ́n bu owó orí lé lọ́dún. Bí akọ̀wé kan bá ṣì ń lo ìṣirò àtijọ́, àwọn tálákà ni yóò jìyà rẹ̀.

Òfin kò dákẹ́ lórí dídá owó padà. Òfin ọdún 2007 tó dá àjọ FIRS sílẹ̀ ti sọ pé bí àjọ náà bá ti gbà pé owó tí ẹnìkan san pọ̀ jù, láàrin 90 ọjọ́ ni kí ó dá a padà. Àwọn òfin tuntun náà kò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ ará ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀. Bí ará ìlú bá pẹ́ san tirẹ̀, ìtanràn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ń dúró dè é, èlé sì tún wà lórí rẹ̀. Ta ló ń bu ìtanràn lé ìjọba nígbà tí òun náà bá pẹ́?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ Ìkálẹ̀ pọ̀ sí, àwọn òbí máa ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ pé òun ń retí sọ̀wédowó owó orí. Ìjọba wọn náà kì í fìgbà gbogbo yára. Ṣùgbọ́n bí owó náà bá pẹ́ ju ọjọ́ 45 lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí ìwé owó orí gbọ́dọ̀ wọlé, ìjọba ní láti san èlé lé e. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi sọ̀wédowó sílẹ̀, kí owó lè máa gba báǹkì lọ tààrà.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn gómìnà ju ẹnikẹ́ni lọ. Láàrin ọdún 1995 sí 2002, ìjọba àpapọ̀ yọ owó jù nínú ìpín àwọn ìpínlẹ̀ láti fi san gbèsè Paris Club. Ọdún 2016 ni ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà, wọ́n sì tún san 243.79 bílíọ̀nù náírà ní oṣù Keje ọdún 2017. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó retí, tó sì gbà. Ní gbogbo àsìkò náà, àwọn gómìnà ń kígbe pé ẹ̀tọ́ àwọn ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Nítorí náà, ó yẹ kí àjọ tó ń pawó wọlé fún ìpínlẹ̀ Oǹdó yan òṣìṣẹ́ tí yóò máa gba ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn tó san owó jù ní Òkìtìpupa gan-an. Àkúrẹ́ kò sí lẹ́yìn ilé, owó ọkọ̀ sì ti wọ́n. Kí wọ́n fún olúkúlùkù ní rìsíìtì tí wọ́n kọ ọjọ́ sí. Kí wọ́n sọ ọjọ́ tí owó yóò jáde, kí wọ́n sì san án sínú báǹkì rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, kí èlé bẹ̀rẹ̀.

Ará ìlú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó máa béèrè ìwé tó fi iye tí wọ́n yọ hàn, kí ó má ju rìsíìtì nù, kí ó sì máa fi ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ pamọ́. Òfin tuntun ti dá ọ́fíìsì Tax Ombud sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ẹjọ́ àwọn agbowó-orí sùn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba tó bá fẹ́ kí àwọn èèyàn máa san owó orí láìsí wàhálà, kí òun náà máa san gbèsè tó jẹ wọ́n.