Owó Orí Dísù: Ẹ̀rọ Gàrí Kì Í Rìn Lójú Títì

Káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀, obìnrin tó bá ru ẹ̀gẹ́ dé ibi ẹ̀rọ kì í béèrè bóyá iná mànàmáná wà. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, ṣé dísù wà? Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Òkìtìpupa, Ìkòyà, Ìlútitun, Igbótako àti Òde-Ìrèlè mọ̀ pé a kò parọ́. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn, tí iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà. Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ará Ìkálẹ̀ rí gan-an nìyẹn. Dísù, èyí tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní gáàsì, ló bá wọn rin ẹ̀gẹ́, òun ló bá wọn fún epo pupa, òun náà ló bá wọn la pákó.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026. Ibì kan wà nínú òfin náà tó ní kí wọ́n máa gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí epo bẹntiróòlù, dísù àti àwọn epo bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ kẹrosíìnì tí à ń lò nílé sílẹ̀, wọ́n yọ gáàsì ìdáná sílẹ̀, wọ́n sì yọ gáàsì tí wọ́n ń rọ sínú mọ́tò pẹ̀lú. Òfin náà sọ pé owó yìí kò ní í bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí mínísítà fún ètò ìnáwó bá gbé àṣẹ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, nígbà tí ariwo pọ̀ lórí rẹ̀, ìjọba ní àwọn kò ní in lọ́kàn láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kíákíá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú òfin ti wà nínú òfin, ọjọ́ tí àṣẹ bá sì jáde, ẹnu yóò ti pẹ́ jù láti sọ̀rọ̀.

Owó yìí kì í ṣe ohun tuntun pátápátá. Lọ́dún 2007, nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin àjọ FERMA tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n máa gba ìdá márùn-ún lórí bẹntiróòlù àti dísù, kí FERMA mú 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, kí 60 sì lọ sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ fún títún ọ̀nà tiwọn ṣe. Owó ọ̀nà ni wọ́n pè é nígbà náà, a kò sì bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Òkìtìpupa rí lásìkò òjò kò ní í sọ pé ọ̀nà kò nílò owó. Tírélà tó ru igi gẹdú, tíbà tó ru yanrìn, ọkọ̀ tó ń kó epo pupa lọ sí Èkó, gbogbo wọn ló ń jẹ ọ̀dà títì. Kí wọ́n sanwó ohun tí wọ́n jẹ.

Ẹ̀rọ gàrí ńkọ́? Simẹ́ńtì ni wọ́n fi kàn án mọ́lẹ̀. Lister àtijọ́ tó wà lábẹ́ páànù ní ẹ̀yìnkùlé, tó ti ń pariwo láti ayé bàbá ẹni tó ni í, kò rìn dé Ọ̀rẹ̀ rí. Bí a bá ní lítà dísù kan jẹ́ 1,000 náírà, ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 50 náírà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan yóò fi 1,250 náírà lé owó rẹ̀, obìnrin tó ru ẹ̀gẹ́ wá ni yóò sì san án níkẹyìn, nítorí ẹni tó ni ẹ̀rọ yóò bù ú lé owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó ọ̀nà ni obìnrin náà ń san lórí ohun tí kò fi ẹsẹ̀ kan ọ̀nà.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba lè sọ fún wa bí wọ́n ṣe yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Oríṣi dísù méjì ni wọ́n ní. Èyí tí ọkọ̀ ojú títì ń lò ni wọ́n bu owó orí ńlá lé. Èkejì, tí ẹ̀rọ oko ń lò, wọ́n fi aró pupa sínú rẹ̀, wọ́n sì dín owó orí rẹ̀ kù gidigidi. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní oṣù kẹrin, ọdún 2022, owó orí lítà kan dísù ojú títì jẹ́ pẹ́nsì 52.95, ti dísù pupa sì jẹ́ pẹ́nsì 10.18. Ọdún náà ni wọ́n gba dísù pupa lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Tírákítọ̀ tó ń ti oko kan lọ sí òmíràn lè fi í gba ojú títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kò gbọdọ̀ fi í ná ọjà. Òṣìṣẹ́ owó orí lè dá ọkọ̀ dúró, kí ó fa díẹ̀ nínú epo inú táǹkì rẹ̀ wò. Bí ó bá pupa, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: wọ́n lè gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e lórí. Ní Amẹ́ríkà, tí àwọn náà ń pa dísù oko láró pupa, ìtanràn ìjọba àpapọ̀ jẹ́ dọ́là 1,000 tàbí dọ́là 10 lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

A kò sọ pé aró náà kò ní àléébù. Ní ààlà Ireland, àwọn ọ̀daràn ń fi kẹ́míkà yọ àwọ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọn a sì tà á fún ọlọ́kọ̀ bí ojúlówó, títí Ìlú Ọba àti Ireland fi jọ gbé àmì tuntun tó ṣòro yọ jáde ní oṣù kẹrin, ọdún 2015. Olè kò ní í tán láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jí i ní láti ṣe wàhálà kó tó rí i jí, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ibi tí a ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un.

Àwa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ rí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí kẹrosíìnì, epo òyìnbó tí àwọn ìyá wa ń rọ sí àtùpà àti sítóòfù. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Yar'Adua pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ dúró, síbẹ̀ owó náà ń jáde lọ ní orúkọ mẹ̀kúnnù títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016. Náírà 50 ni lítà kan lórí ìwé. Ta ló rà á ní 50 náírà ní Òkìtìpupa? Ẹni tó rí i rà fi ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta rà á. Dísù ní tirẹ̀ lé ní 100 náírà ní ọ̀pọ̀ nínú àsìkò yẹn. Nígbà tí epo méjì bá jọra nínú kẹ́ẹ̀gì, tí ọ̀kan sì fi ìlọ́po méjì wọ́n ju èkejì lọ, ọmọ ènìyàn kò nílò olùkọ́ láti mọ ohun tó máa ṣe. Wọ́n pò ó. Ẹ́ńjìnnì dísù a máa gba kẹrosíìnì díẹ̀ láì kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rá tó dísù, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jẹ pọ́ńpù àti nọ́sù. Ẹni tó pò ó ti jẹ èrè lọ. Ìyá tó ni àtùpà jókòó sínú òkùnkùn, ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì ń wá mẹkáníìkì.

Òótọ́ ni pé ọjà ti yí padà. Lọ́dún 2024 àti 2025, kẹrosíìnì wọ́n ju dísù lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá pò ó mọ́ dísù nígbà náà ń pàdánù ni. Ṣùgbọ́n iye owó kì í dúró sójú kan, òfin tuntun yìí sì ti yọ kẹrosíìnì kúrò nínú ohun tí dísù yóò san.

Kò sí ibi tó yẹ kó mọ iyì àwọ̀ nínú ohun olómi ju ilẹ̀ Ìkálẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2015, ó lé ní ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kú ní agbègbè Òde-Ìrèlè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ojú wọn kọ́kọ́ ń ṣókùnkùn. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọtí ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wọ̀ ni. Mẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ gaara bí omi, ojú kò lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí. Sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn fún fífọ ojú ọgbẹ́ ní àwọ̀ elésèé àlùkò, nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì mu ún. Àwọ̀ lásán ni, kò sì wọ́n.

Orílẹ̀-èdè Kenya gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí pípo kẹrosíìnì mọ́ dísù pọ̀ níbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2018, wọ́n bu ṣílè 18 lé lítà kẹrosíìnì kan kí iye owó wọn lè súnmọ́ra. Àwọn tó ń pò ó rí èrè wọn tí ó lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n aláìní tó ń dáná kẹrosíìnì ló san owó náà. A kò fẹ́ irú ìyẹn fún àwọn ará oko wa.

Ohun tí a ń béèrè ni pé, bí owó ìdá márùn-ún yìí yóò bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yọ ẹ̀rọ gàrí, ẹ̀rọ epo pupa àti iṣẹ́ oko kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n pa dísù tiwọn láró láti ibùdó epo kí táńkà tó gbé e. Bí wọn kò bá tíì ṣetán láti pa á láró, kí wọ́n má yọ ẹnikẹ́ni. A mọ̀ pé èyí kò ní í dùn mọ́ àwọn òǹkàwé wa tó ni ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táńkà kan tó gbé lítà 33,000, bí ìyàtọ̀ orí lítà kan bá jẹ́ 50 náírà, jẹ́ 1,650,000 náírà. Ta ni yóò fi ìyẹn sílẹ̀ kí ó wá kó dísù olówó pọ́ọ́kú wá sí Igbótako? Orúkọ àgbẹ̀ ni wọn yóò kọ sórí ìwé, tírélà ni yóò mu ún.

Bí wọ́n bá sì máa ṣe é, kí wọ́n rántí kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀rọ gàrí kò lè wakọ̀ ara rẹ̀ lọ sí ilé epo, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń lọ rà á fún un. Ìgbà tí epo bá wọ́n báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn aláṣẹ máa ń fòfin dè ni títa epo sínú kẹ́ẹ̀gì, àgbẹ̀ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Òfin dísù aláró gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé kẹ́ẹ̀gì dísù pupa kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ, pé inú táǹkì ọkọ̀ ojú títì ló ti di ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, a mọ irú ọ̀rọ̀ tí yóò máa ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láti Ọ̀rẹ̀ dé Òkìtìpupa: obìnrin tó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sẹ́yìn ọ̀kadà ni wọn yóò mú, táńkà yóò sì kọjá. Ìtanràn náà, olówó ọkọ̀ ni kó san án, kì í ṣe ọmọ awakọ̀ tí wọ́n bá epo tó dè é sílẹ̀ nínú mọ́tò.

Aṣòfin tó ń ṣojú Òkìtìpupa àti Ìrèlè wà ní Àbújá, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú gúúsù Oǹdó. Kí ẹ̀yin tó ni ẹ̀rọ, ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyálọ́jà kọ lẹ́tà sí wọn nísinsìnyí tí àṣẹ mínísítà kò tíì jáde, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yìí kí ẹ tó béèrè ohunkóhun mìíràn.