Ìwọ̀n Ni Kí Ẹ Mú Lọ Sọ́jà, Ẹ Má Mú Orúkọ Lọ

Kò sí ilé tí kò ní ohun kan tí àwọn òbí kò jẹ́ kí a gbé sọnù. Ní ilé ẹlòmíràn, ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò ránṣọ mọ́ ni. Ní ilé ẹlòmíràn, rédíò onígi tí kò fọhùn láti ayé àwọn ológun ni. Ní ilé tiwa ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni.

Triumph TR6 ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì tí a lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn. Ìlú Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, láàrin ọdún 1968 sí 1976. Ilé iṣẹ́ Karmann ti ilẹ̀ Jámánì ló tún ojú àti ìdí rẹ̀ yà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà, lítà 2.5. Wọ́n ṣe ju 90,000 lọ, Amẹ́ríkà sì ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Ọ̀kan ṣoṣo tó kan ìdílé wa bá ọkọ̀ ojú omi dé Àpápá ní ìparí ọdún 1971, nígbà tí Bàbá mi ń darí bọ̀ láti London. Ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà nígbà náà. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba yí ìrìn ọkọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń wa ọkọ̀ tí sitíárìn rẹ̀ wà níhà etí títì. Ìyá mi, tó máa ń jókòó lápá òsì, ló ń yọjú wo iwájú fún un bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi ṣaláìsí, Bàbá fi tapólì bo ọkọ̀ náà, kò sì wà á mọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọdún tó kọjá ló ṣàdédé sọ pé òun fẹ́ wà á wá sí ilé mi ní Ìkòròdú ní ọjọ́ tí òun bá pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Àbúrò mi ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù." Bàbá kò dá a lóhùn, ó kàn dìde wọlé. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun.

Mẹ́káníìkì àdúgbò wá, ó ṣe é títí ẹ́ńjìnnì fi jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e dé ojú títì, wàhálà mìíràn yọjú. Bí Bàbá bá fẹ́ kí ó sáré, nǹkan á máa kan kọ́kọ́kọ́ lábẹ́. Bí ó bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìdí ọkọ̀ á ta sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹṣin tí eṣinṣin bù jẹ. Mẹ́káníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó jáde, ó ní ṣáàfù ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí ṣáàfù yìí ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, irin kan gbọọrọ tó le gbagidi ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. TR6 kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí irin tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì dúró gbọn-in lára férémù, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gòkè, ó ń sọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣáàfù méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló ń gbé agbára láti inú àpótí náà lọ fún ẹsẹ̀. Ní orí àti ìdí ṣáàfù kọ̀ọ̀kan, irin kan wà tó dà bí àgbélébùú, tí àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè ní kúrọ́ọ̀sì. Òun ló ń jẹ́ kí ṣáàfù lè máa yí bó tilẹ̀ dagun. Ní àárín ṣáàfù, apá kan ki bọ inú èkejì pẹ̀lú eyín wẹ́wẹ́, kí ó lè gùn, kí ó sì lè kúrú, bí ẹsẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Bí eyín wọ̀nyí bá gbẹ tí wọ́n sì jẹ, wọn á há mọ́ra nígbà tí agbára bá wà lórí wọn. Bí agbára bá kúrò, wọn á já sílẹ̀ lójijì. Ohun tó ń mú ìdí ọkọ̀ ta nìyẹn, àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí káàkiri ayé sì mọ àìsàn náà dáadáa.

Ní ti wa, kúrọ́ọ̀sì kan ti fọ́, etí irin tó dì í mú sì ti sán. Mẹ́káníìkì ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀, jórinjórin á jó o pọ̀." Bàbá ní kò ní ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti fi iná sọ irin náà di líle láti ilé iṣẹ́. Bí a bá tún fi iná jó o, agbára rẹ̀ á dín kù, ó sì lè wọ́. Irin tó bá já lórí eré á máa na ohun gbogbo tó wà nítòsí rẹ̀, títí kan páìpù bíréèkì. Mẹ́káníìkì gbà pẹ̀lú Bàbá, ó ní kí a lọ wá òmíràn.

Èmi ni mo gba iṣẹ́ náà. Mo gba ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣín lọ, níbi tí gbogbo ayé ti ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí: orúkọ ni mo mú lọ. Mo ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń béèrè ṣáàfù Triumph. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bi mí bóyá ọ̀kadà ni, nítorí Triumph ń ṣe alùpùpù náà. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin kan ní òun ní i. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó gbé ṣáàfù méjì tí wọ́n ti nù dán jáde, ó sì búra pé ti Triumph ni. Mo sanwó. Nígbà tí mo gbé wọn dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n gùn ju tiwa lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ihò bóòtù wọn kò sì bá ara mu. Nígbà tí mo padà sí Ládípọ̀, ọkùnrin náà ní òun kò mọ̀ mí rí.

Bàbá kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé o wọn tiwa kí o tó lọ?" Mo ní rárá. Ó wọlé, ó mú ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ dúdú jáde. Ohun gbogbo tó ti ṣe sí ọkọ̀ náà láti ọdún 1971 ló wà níbẹ̀: ọjọ́ tó pààrọ̀ òróró, ọjọ́ tó ra táyà, ọjọ́ tó fi gíríìsì sí eyín ṣáàfù. Ìlà tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ikú ìyá mi. Lẹ́yìn rẹ̀, ojú ewé funfun ni. Mo wá rí i pé a ti ń gbé pẹ̀lú ọkọ̀ yìí láti kékeré, kò sì sí ọmọ kankan tó béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ rí.

Mo gbé ṣáàfù wa fúnra rẹ̀ lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tó ń fá irin nítòsí Òdógunyàn ní Ìkòròdú, ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Kò béèrè orúkọ ọkọ̀. Ó di orí ṣáàfù mú, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó sì yí wọn lódìkejì ara wọn. Eyín náà mì tìtì. Ó ní, "Ọmọ mi, eyín yìí ti jẹ, kò sí ohun tí mo lè fá sí i." Lẹ́yìn náà ló ní kí n mú bírò. Ó wọn gígùn ṣáàfù nígbà tó kúrú jù àti nígbà tó gùn jù. Ó ka ihò bóòtù, ó sì wọn àárín wọn. Ó wọn bí orí kúrọ́ọ̀sì ṣe fẹ̀ tó, àti bí ó ṣe gùn láti orí kan dé èkejì. Ó kìlọ̀ fún mi pé ínṣì ni wọ́n fi ṣe bóòtù ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Bóòtù onímìlímítà lè dà bí ẹni pé ó wọlé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á jẹ.

Ìwé yẹn ni mo mú lọ sí ọjà Òwódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò dárúkọ Triumph rárá. Mo gbé ìwọ̀n kalẹ̀, ọmọkùnrin kan fi kálípà wá inú páálí rẹ̀, ó sì fún mi ní kúrọ́ọ̀sì tó bá a mu wẹ́kú. Kúrọ́ọ̀sì kì í ṣe ti ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì ń lo ìwọ̀n kan náà.

Ṣáàfù fúnra rẹ̀ nìkan ló kù, ìyẹn sì di ti òkè òkun. Nítorí pé TR6 pọ̀ lóde ayé, wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ ní tuntun, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Rimmer Bros nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń tà á. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni ti àtijọ́, oníkúrọ́ọ̀sì àti eléyín. Èkejì jẹ́ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ òde òní, tí róbà bò lójú. Kì í há, ìdí ọkọ̀ kì í sì í ta mọ́. Àbúrò mi fẹ́ ti òde òní. Bàbá bi í pé, "Bí róbà rẹ̀ bá ya ní Ìtóìkín, ta ni yóò bá wa wá òmíràn?" A ra ti àtijọ́, nítorí a ti mọ ibi tí kúrọ́ọ̀sì rẹ̀ wà, gíríìsì sì wà ní gbogbo ìgun. Àǹtí wa tó ń gbé ní Peckham ló bá wa rà á. Ó pín in sínú báàgì méjì, nítorí ìwọ̀n kílò 23 tí wọ́n gbà á láyè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e wálé fún Kérésìmesì. Ó ní aṣọ Kérésìmesì wa ni irin náà lé jáde.

Ní ọjọ́ ìbí Bàbá, a kúrò ní Ẹ̀pẹ́ ní aago méje òwúrọ̀. Èmi ni mo jókòó lápá òsì, àbúrò mi ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé wa. A kọjá Ìtóìkín, ìdí ọkọ̀ kò ta. Kí a tó dé Ìmọ́tà, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fà níwájú wa. Bàbá rọra ní, "Wo iwájú fún mi." Mo yọjú, mo wò ó, mo ní, "Ó ṣófo, Bàbá." Ó sì yà á sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní irú ẹrù àgbà bẹ́ẹ̀ nílé, ohun tí mo ní fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ gbé ẹ̀yà tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ dání lọ sọ́jà, tàbí ìwọ̀n rẹ̀ lórí ìwé. Ẹ ra èyí tí ẹni tó wà nítòsí yín lè tún ṣe. Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ jókòó ti ẹni tó ni ín, kí ẹ bi í bí ó ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Olùbéèrè kì í ṣìnà. Èmi tí n kò béèrè, mo ṣìnà dé Ládípọ̀, mo sì sanwó rẹ̀.

Ìwé èèpo dúdú náà ti ní ìlà tuntun báyìí, ọjọ́ tí a fi gíríìsì sí eyín ṣáàfù. Àbúrò mi ló kọ ọ́.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.