Ọkọ̀ Onímílíìkì Kì Í Ṣe Ẹrù Àwọn Tó Ń Ra Àlòkù Irin

Lóṣù Kẹjọ ọdún 1967, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníbátìrì ní Bìrìtéènì gbé ìkéde kan jáde. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn lójú títì àwọn pọ̀ ju ti gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù lágbàáyé lápapọ̀ lọ. Lónìí tí orúkọ Tesla àti BYD gba ẹnu gbogbo ayé, ẹni tó bá gbọ́ èyí lè pè é ní àsọdùn. Àmọ́ ọkọ̀ ọlọ́lá kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń pín mílíìkì láti ojúlé dé ojúlé ní ìdájí ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní London láyé ìgbà náà mọ ọkọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n á ti fọ òfìfo ìgò, wọ́n á sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, onímílíìkì ti kó o lọ, ó ti fi èyí tó kún rọ́pò. Ìró ìgò tó ń kan ara wọn ni etí ń gbọ́, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kàn ń rọra kùn ni. Ẹṣin ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, àní àwọn ẹṣin kan mọ ilé oníbàárà débi pé wọ́n á máa dá rìn lọ síwájú bí ọ̀gá wọn ṣe ń gbé ìgò wọlé. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ohun tó máa rọ́pò ẹṣin, ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù kò bá iṣẹ́ náà mu. Ọkọ̀ tó ń dúró ní gbogbo ojúlé tó tún ń ṣí á máa fi epo ṣòfò, kíláàṣì rẹ̀ á tètè jó, ariwo rẹ̀ á sì jí gbogbo àdúgbò. Ọkọ̀ oníbátìrì kò ní kíláàṣì, kò ní jíà tí wọ́n ń pààrọ̀, bó bá sì dúró, kì í jẹ iná. Eré rẹ̀ kì í sábà ju máìlì 15 sí 20 ní wákàtí kan lọ, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ Smith ń ṣe é ní Gateshead, Harbilt ń ṣe é ní Market Harborough, Leicester ni Morrison ti bẹ̀rẹ̀. Ní Shrewsbury, Wales & Edwards gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwọn jáde ní 1951, táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn, èyí tó rọrùn láti yí po ní òpópónà tóóró.

Fíríìjì àti sùpámákẹ́ẹ̀tì ló mú kí òwò náà lọ sílẹ̀. Nígbà tí ìdílé ti lè ra mílíìkì inú ike lówó pọ́ọ́kú, kó sì pẹ́ nílé láìbàjẹ́, iye àwọn tó ń dúró de onímílíìkì ń dín kù lọ́dọọdún. Wọ́n fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n sì ta òjé inú bátìrì wọn. Àwọn kan lára èyí tó ṣẹ́ kù ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí lóde àríyá: wọ́n á tú gbogbo ìfun rẹ̀ dànù, wọ́n á kun ara rẹ̀ ní ọ̀dà aláràbarà. Ìparun nìyẹn. Ohun tó wà lábẹ́ pákó ọkọ̀ náà gan-an ló yẹ kí wọ́n dá sí.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan gbójú kúrò lára ọ̀dà tó ń dán, kó lọ ṣí àpótí bátìrì. Ibẹ̀ ni owó wà. Fólítì méjì ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí sẹ́ẹ̀lì 36 bá so kọ́ra, ó di fólítì 72, gbogbo rẹ̀ sì máa ń wúwo ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ dáadáa. Àwọn tó ní ínfátà nílé ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó kò ní ṣàjèjì sí irú bátìrì yìí, nítorí ọmọ ìyá bátìrì tubular gíga tí wọ́n ń bu omi sí lóòrèkóòrè ni. Ọ̀pá gíláàsì tí àwọn tó ń ṣájì bátìrì fi ń fa ásíìdì wò ni kó mú dání, kó sì fi wo sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá kún, á ka nǹkan bí 1.280. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ń kà kékeré láàárín àwọn tó kù, a jẹ́ pé àwọn nìkan ló kú. Wọ́n ṣeé yọ, wọ́n ṣeé pààrọ̀, ìyókù á sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn bátìrì, ṣáásí ló kàn. Ásíìdì tó ti ń kán sílẹ̀ láti ọdún gbọ́ọrọ máa ń jẹ irin tó gbé àpótí bátìrì dúró, ibi tí ojú kì í sì í tètè dé ni. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á gé èyí tó ti jẹrà, á fi tuntun sí i, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi omi tí wọ́n pò mọ́ sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì fọ ásíìdì kúrò. Ẹ́ńjìnnì iná kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Ohun tó ń yí nínú rẹ̀ kò pọ̀. Kábọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ máa ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fi òmíràn sí i.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo ewu ibẹ̀. Sípánà kan tó bá já bọ́ sórí ẹnu bátìrì méjì lè pọ́n wìì lójú ẹsẹ̀, kó sì jó ọwọ́. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti aago kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bátìrì tó ń gba iná máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde, nítorí náà àpótí gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí iná àti sìgá sì jìnnà síbẹ̀.

Àríyànjiyàn wà lórí bóyá kí wọ́n yọ bátìrì òjé, kí wọ́n fi lithium rọ́pò. Ẹni tó ń kọ èyí kò rí àìda níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ mílíìkì fúnra wọn máa ń pààrọ̀ bátìrì tó bá ti lo ìgbà rẹ̀, ọkọ̀ ò sì tìtorí ìyẹn di òmíràn. Kí wọ́n ṣáà má yọ ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ tó ń darí iná rẹ̀, torí àwọn ló ń fi bí iṣẹ́ náà ṣe rí hàn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe dáadáa bó ṣe yọ ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún kúrò nínú owó orí ọkọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ tó wà ní Wythall, nítòsí Birmingham, ti kó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníbátìrì jọ, àwọn tó ń fi ara wọn jìn sì ń tún wọn ṣe. Irú wọn ló yẹ kí owó ìrànwọ́ máa dé ọ̀dọ̀.

Ní 2018, nígbà tí ilé iṣẹ́ Milk & More fẹ́ ra 200 ọkọ̀ oníná tuntun tí wọ́n á fi máa pín mílíìkì, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ StreetScooter ní Jámánì ni wọ́n lọ. Ó dunni púpọ̀ pé orílẹ̀-èdè tó ṣíwájú gbogbo ayé ní 1967 wá lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, lẹ́yìn tó ti jẹ́ kí ìmọ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́n ká.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Èkó náà, níbi tí LAMATA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà níbẹ̀, àti ilé iṣẹ́ Oando ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ọ̀sì oníná wò ní 2023. Kí bọ́ọ̀sì náà tó pọ̀ lójú títì, ó yẹ kí ìjọba béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá rewáyà tó wà ní Mushin á lè ṣí bátìrì rẹ̀, kó rí sẹ́ẹ̀lì tó kú, kó sì rí òmíràn rà. Kí ìdáhùn náà wà nínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú àwòrán bí wáyà ṣe so kọ́ra.