Kí ẹ tó gbé ọmọ JSS 1 wá fún ìtúsílẹ̀, ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò

Kì í ṣe ìwàásù la fẹ́ ṣe lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn wa, ó sì kan gbogbo ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 1 ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí. Ẹ má kàn tẹ "Àmín" kí ẹ sì kọjá lọ.

Lọ́dọọdún, tó bá ti di oṣù Kejìlá, tí wọ́n bá ti pín èsì ìdánwò sáà kìíní, àwọn òbí máa ń wọ ọ́fíìsì pásítọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn. Ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń jọra: "Dádì, ẹ wo ọmọ yìí o. Ní praimárì, kò kúrò ní ipò kìíní sí ìkẹta. Ó dé sẹ́kọ́ńdìrì, ó wá di ìkẹtàlélógún. Ojú lásán kọ́ o! Ẹ bá wa tú u sílẹ̀." Àwọn míì tilẹ̀ ti mú orúkọ ẹni tó ṣe é bọ̀ látilé: ìyá ọkọ, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tàbí ìyá arúgbó àdúgbò tó fún ọmọ ní bisikíìtì lọ́jọ́ tó ń lọ wọn yunifọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé ara wa. A gbà pé ọ̀tá wà. A gbà pé àdúrà ń ṣiṣẹ́, a ò sì ní yéé gbà á. Ṣùgbọ́n nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bi òbí ni pé, "Ìwé ọmọ náà dà?" Ọ̀pọ̀ kì í mú un wá. Àwọn míì ò tíì ṣí i wò láti oṣù Kẹsàn-án. Ohun tí a gbàgbọ́, tí a sì fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń tẹ̀lé wa gbọ́ rèé: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ń já wálẹ̀ ní JSS 1, kì í ṣe àjẹ́ ló jẹ máàkì wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ló yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́, tí ilé kò sì yí padà bá wọn.

Ẹ wo ohun tó yí padà. Ní praimárì, olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọmọ ní nǹkan bíi gbogbo iṣẹ́. Àǹtí yẹn mọ̀ ọ́n, ó mọ ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀ tí ojú rẹ̀ bá fà ro. Òun ló máa dúró tì wọ́n pé, "Ẹ kọ asáínmẹ́ǹtì yín sílẹ̀ kí ẹ tó lọ." Ọmọ dé JSS 1, iṣẹ́ tó ń kọ́ á tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, CRS, àti àwọn míì. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ wọn. Bí ìṣẹ́jú 40 bá pé, aago á lù, eléyìí á jáde, ẹlòmíì á wọlé. Olùkọ́ Ìṣirò ò mọ̀ pé ti Gẹ̀ẹ́sì ti fún wọn níṣẹ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì ò mọ̀ pé olùkọ́ míì ti ní kí wọ́n ya ọkọ́ àti àdá wá lọ́la. Ọmọ ọdún 11 ló wà láàárín gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ iye ẹrù tó wà lórí òun. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to ẹrù, yóò já lulẹ̀ ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni kò kà á sí. Kì í ṣe ìdánwò ìparí sáà nìkan ló ń gbé ipò fún ọmọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, ìdánwò kéékèèké, iṣẹ́ kíláàsì àti iṣẹ́ àṣetiléwá máa ń kó 30 tàbí 40 nínú 100. Ìdánwò ìparí ló ń kó ìyókù. Ọmọ tí kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ti ń sọ máàkì nù láti ọ̀sẹ̀ kejì, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń jò lábẹ́ kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí òbí fi máa wò ó ní oṣù Kejìlá, kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ. Ẹ wá ní kí pásítọ̀ ta òróró sí i lórí. Òróró kì í bá ọmọ kọ asáínmẹ́ǹtì, ẹ̀yin ará.

Ìbẹ̀rù náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní Praimárì 6 ti di ẹni tó kéré jù. Àwọn sínọ̀ ń rán an níṣẹ́, àwọn míì ń gba oúnjẹ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun lè jìnnà, kó jẹ́ pé aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń jáde, tí agara á sì ti dá a kó tó délé. Kò ní sọ fún yín àyàfi tí ẹ bá bi í.

Ẹ jẹ́ ká wo Dáníẹ́lì orí kìíní. A fẹ́ràn láti máa wàásù nípa ihò kìnnìún, ṣùgbọ́n kí Dáníẹ́lì tó dé ihò kìnnìún, ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ìlú àjèjì, èdè àjèjì, wọ́n tún yí orúkọ rẹ̀ padà. Ọdún 3 gbáko ni ọba là sílẹ̀ fún òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti fi kẹ́kọ̀ọ́. Bíbélì sọ fún wa pé Ọlọ́run ló fún wọn ní ìmọ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Síbẹ̀ wọ́n jókòó kọ́ ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọlọ́run tó fún wọn ní ìmọ̀ kò yọ wọ́n nínú kíláàsì. Jésù Olúwa wa náà, nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ JSS 1 wa yìí gan-an, àárín àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti bá a, ó ń fetí sílẹ̀, ó sì ń béèrè ọ̀rọ̀. Tí Ọmọ Ọlọ́run bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́, kí ló dé tí a fi ń rò pé ọmọ tiwa máa gba ọgbọ́n lójú oorun?

Kí wá ni ṣíṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ fún ọmọ ní wákàtí kan tó jẹ́ tiẹ̀. Kó délé, kó bọ́ yunifọ́ọ̀mù, kó jẹun, kó sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà kó gbé ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má dúró de NEPA. Kì í ṣe dandan kí tábìlì wà. Ṣùgbọ́n ní wákàtí yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rán an ní omi tàbí maggi. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ ń bá gbé ṣọ́ọ̀bù, a ò ní kó má ràn yín lọ́wọ́. Kó gbé ìwé rẹ̀ wá síbẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ń kiri ọjà títí di aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ má fi wé ọmọ tó jókòó nílé kàwé, kí ẹ sì wá pe ìyàtọ̀ yẹn ní èpè.

Èkejì, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Kó kọ tímùtébù ilé ẹ̀kọ́ sí pépà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kó ní ìwé kékeré kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí olùkọ́ bá fún wọn nìkan ló ń wọ ibẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní Mọ́ńdè, kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Mọ́ńdè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbà á. Kó di báàgì rẹ̀ lálẹ́, kì í ṣe ní àárọ̀ tí gbogbo ilé ń sáré. Tí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin dúró tì í, yóò máa dá a ṣe.

Ẹ̀kẹta, ẹ má bá a ṣe é. Òbí míì wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Òmíràn á san owó fún tíṣà lẹ́sìn, tíṣà á ṣe é, ọmọ á kàn dà á kọ. Ní báyìí, fóònù náà ń bá wọn ṣe é. Ọmọ gba 10 nínú 10 látilé, ó dé ìdánwò, ó gba 12 nínú 60. Àṣìṣe tó wà nínú iṣẹ́ ọmọ ló ń sọ fún olùkọ́ ibi tí òye kò tíì dé. Tí ẹ bá ti fi ìwé tiyín bo àṣìṣe yẹn, ta ló máa tún un ṣe?

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Pásítọ̀, a ò kàwé, kí la fẹ́ mọ̀ nínú ìwé JSS 1?" Ẹ ní ohun tí ẹ lè ṣe, ó sì lágbára. Ẹ ní kí ọmọ ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ fún yín ní Yorùbá. Ẹ bi í pé, "Báwo ló ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ohun tó bá yé e, yóò lè sọ ọ́. Ibi tó bá ti ń kólòlò, ibẹ̀ ni kò yé e, kó lọ bi olùkọ́ rẹ̀ lọ́la. Ẹ má rò pé Yorùbá ń dí ọmọ lọ́wọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ praimárì fún ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò gbẹ́yìn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìyá tí kò mọ ABD lè bá ọmọ rẹ̀ kàwé, tó bá ní etí láti fi gbọ́.

Ìkarùn-ún, ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kí sáà tó parí. Ẹ má lọ jà. Ẹ lọ kí olùkọ́ kíláàsì, ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ wa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀? Iwájú ló ń jókòó ni àbí ẹ̀yìn?" Ọmọ tí kì í da ohun tó wà lára pátákó kọ, ó lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni kò ríran dáadáa. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Gíláàsì ni yóò tú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni àwọn ń ti ibi iṣẹ́ dé. A gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a ń tọrọ, ẹ ṣí ìwé kékeré yẹn wò. Tí kò bá ṣeé ṣe lójoojúmọ́, ẹ fi ọ̀sán Sunday yẹ ti gbogbo ọ̀sẹ̀ wò. Ẹ sì jẹ́ kí ẹgba sinmi. Ẹgba lè mú ọmọ jókòó ti ìwé, kò lè mú kó yé e. Ọmọ tí wọ́n bá ń lù nítorí máàkì yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìwé pamọ́.

Ìjọ náà ní ìpín tirẹ̀. Ní ìjọ tiwa, ọmọ tó ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́la kì í bá wa ṣe àìsùn. Àbámẹ́ta ni àwọn ọmọ kọ́ọ̀sì ń ṣe ìfidánrawò. Ní Ọjọ́rú, bí àgbà bá ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, àwọn olùkọ́ tó wà nínú ìjọ máa ń jókòó ti àwọn ọmọ ní yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, a sì máa ń tú ká kí aago méje tó lù. Àwọn pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa kan ní à ń sọ ọmọ di ẹlẹ́ran ara. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a ò gbà. Ọmọ tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ní kíláàsì Ọjọ́bọ̀ nítorí ìsìn Ọjọ́rú kò fi ògo fún Ọlọ́run. Àwọn tíṣà rẹ̀ ń wò ó, wọ́n sì mọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ.

Ẹ máa gbàdúrà fún ọmọ yín o. Ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí láràárọ̀ kó tó jáde. Ẹ gbàdúrà lórí ìwé rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i kí ẹ tó gbàdúrà, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń bá Ọlọ́run sọ. Sáà yìí kò tíì parí. Ọ̀sẹ̀ tó kù ṣì lè yí nǹkan padà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.

Olúwa yóò la ojú òye àwọn ọmọ wa. Wọn kò ní fi ìbẹ̀rù lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sì ní fi ìtìjú bọ̀. Òbí kò ní ṣiṣẹ́ àṣedànù lórí wọn, ní orúkọ Jésù.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní JSS 1, ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀: iṣẹ́ wo ló le fún un jù? Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà láàárín wa, ẹ bá wa dá wọn lóhùn. Kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí òbí kan tó nílò rẹ̀. Àlàáfíà fún yín.