Ẹrù Tí Kò Ní Òǹtẹ̀, Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gbé E Wọlé

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Láyé òde òní, aránṣọ ń pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, aláṣọ òkè ń gbowó níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ló wà níbìkan tó ń dá àwọn oníbàárà yẹn lóhùn tọ̀sán-tòru; sáfà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tẹ́ ẹ háyà láti máa tọ́jú rẹ̀ ló mọ ohun tó ń kó sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó ò mọ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Linux ni ọ̀pọ̀ sáfà ń lò. Àwọn tó ń gbé Linux jáde ní ilé ìkójàsí tiwọn, wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ sára ẹrù ibẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọjà ilé máa ń pẹ́ lórí àtẹ. Ẹ wo CentOS 7 tó jáde lọ́dún 2014: PHP 5.4 ló gbé wá, orí 5.4 náà ló sì wà títí wọ́n fi kógbá rẹ̀ wọlé. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2019, WordPress 5.2, tí àìmọye èèyàn fi ń ṣe ojú òpó, ní òun ò bá PHP tó bá kéré sí 5.6 ṣe mọ́. Kí lẹni tó ní CentOS 7 fẹ́ ṣe? Wọ́n gba ìta lọ. Púpọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ Remi Collet, ará Faransé tó ti ń di PHP tuntun sílẹ̀ fáráyé lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́. Èèyàn gidi ni, ẹrù rẹ̀ sì ní òǹtẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ará ìta kọ́ ni Remi o! Agbára ọ̀gá pátápátá ni ẹrù fi ń wọnú sáfà. Bó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fólè, á ṣí i. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ fi wà. Ẹni tó di ẹrù á fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tiẹ̀ lu òǹtẹ̀, sáfà á fi kọ́kọ́rọ́ gbangba tó bá a mu yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnì kan bá ti tọwọ́ bọ ẹrù lójú ọ̀nà, òǹtẹ̀ ò ní bára mu, sáfà á kọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò ní sùúrù: bí sáfà bá ti kọ̀, wọ́n á kọ gpgcheck=0 síbẹ̀, ìyẹn ni pé kó má yẹ nǹkan kan wò mọ́. Iṣẹ́ á yá lóòótọ́. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kẹ́ ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń fèsì.

Ilé náà lè já ni kulẹ̀ ṣá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, rí i pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ òun ń fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ jù. Ìdajì péré! Ó tú u wò, ló bá rí ilẹ̀kùn olè tí wọ́n fi pamọ́ sínú xz 5.6.0 àti 5.6.1, tó ti dé inú ọjà àdánwò Debian àti Fedora.

Ẹni tí yóò bá ra nǹkan níta, PHP nìkan tó wá rà ni kó mú, kó má jẹ́ kí ará ìta pààrọ̀ gbogbo ohun tí ilé gbé wá. Kó kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀rọ mìíràn, kó sì ti ṣe ẹ̀dà ìwé owó àti orúkọ oníbàárà pa mọ́. Ní June 30, 2024 ni CentOS 7 kógbá wọlé. Ẹrù rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà ní vault.centos.org, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín ò tún un ṣe mọ́. Bí sáfà yín bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ bi ọmọ náà lọ́la ọjọ́ wo ló fẹ́ kó o kúrò.