Ẹ Má Ṣe Fi Ọmọ Tí Ń Kọ́ Báyọ́lọ́jì Sẹ́yìn

 

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, a jíròrò lórí owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ka wa fẹ́ máa fún àwọn ọmọ wa. Àwọn àgbà kan dá a lábàá pé kìkì ọmọ tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ lọ́yà tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà ni kí á máa fún. Ọmọbìnrin ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, opó tí ń ta aṣọ ní Sàbọ̀n-gàrí, ti rí àyè wọ Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Nígbà tí a dárúkọ rẹ̀, bàbá kan béèrè pé, "Ọmọ tí yóò máa la inú ọ̀pọ̀lọ́ wò, kí ni yóò fi ìyẹn ṣe fún wa?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ojú tì mí. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálámù.

Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn àgbà wa léèrè: ta ni nínú wa tí kò mọ sòbìà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kurkunu? Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a rí àgbẹ̀ tí ó dùbúlẹ̀ sílé ní àkókò tí ó yẹ kí ó wà lóko, tí aràn gígùn ń yọ jáde ní ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi igi kékeré ká a. Àwọn kan ní èpè ni, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ni. Kò sí oògùn tí ó ń pa á, títí di òní olónìí kò sí. Báwo ni ó ṣe wá kúrò láàárín wa?

Àwọn tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni wọ́n fi ọ̀nà rẹ̀ hàn. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ yóò wọ inú adágún láti pọn omi; aràn náà yóò tú ọmọ rẹ̀ sínú omi; kòkòrò omi kan tí ó kéré púpọ̀ yóò gbé ọmọ náà mì; ènìyàn yóò mu omi náà, nígbà tí ó bá sì tó bí ọdún kan, sòbìà yóò yọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n wádìí kòkòrò omi yìí jinlẹ̀ ni ọmọ Ago-Ìwòyè, Sanya Onabamiro, tí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950. Ó di mínísítà lẹ́yìn náà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ohun tí kálukú wa rò nípa òṣèlú rẹ̀, kí ó fi í sápò. Iṣẹ́ tí ó ṣe nínú omi ni mo ń sọ.

Nígbà tí a ti mọ ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tí sòbìà ń yọ má ṣe wọ inú adágún di ohun ìjà. Nígbà tí wọ́n kà wá ní 1988 sí 1989, àwọn tí sòbìà ń ṣe ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀kọ́ tí a fi rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ Ìbàdàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ààfin. Ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ológun àtijọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé. Ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, Kenneth Mellanby, onímọ̀ kòkòrò ni. Nígbà ogun Hitler, òun ni ó fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìfarakanra ni kúrúnà fi ń ràn jù, kì í ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń náwó láti sè. Àwọn ẹranko tí wọ́n kó jọ nígbà náà kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ ni ó di ọgbà ẹranko tí gbogbo wa ń kó ọmọ lọ wò bí a bá lọ sílé.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Sòbìà ti lọ, kí ni iṣẹ́ tí ó kù?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ àbúrò mi, tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Ìbàdàn. Ó ní láàárọ̀ wọ́n á gbọ́ ẹ̀kọ́, lọ́sàn-án wọ́n á wà nídìí awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n á máa fi pẹ́ńsùlù ya ohun tí wọ́n rí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lábẹ́ ètò tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973 láti máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, ó lo oṣù mẹ́fà ní Ogunu ní Warri, níbi tí ilé iṣẹ́ epo Shell ní ọ́fíìsì ńlá sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yàrá àyẹ̀wò omi ni ó wà. Wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sábẹ́ igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ alákàn, wọ́n ń bu ẹrẹ̀, wọ́n ń ka aràn, ìgbín àti alákàn tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, epo lè ṣàn kọjá lójú omi kí ojú omi sì mọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn ohun kéékèèké inú ẹrẹ̀ bá ti kú, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀." Apẹja tí ń ké pé odò òun ti bàjẹ́, ta ni yóò bá a jẹ́rìí bí kò ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà. Ní ilẹ̀ Hausa níhìn-ín, àwọn ọmọ wa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò pẹ̀lú àwọn ọmọ onílé, wọ́n sì ń tọ ẹ̀jẹ̀. Inú ìgbín omi ni kòkòrò àrùn náà ti ń dàgbà kí ó tó wọ ara ọmọ. Dókítà ní oògùn fún un, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lo oògùn tán tí ó padà sínú omi kan náà yóò tún kó o. Dókítà ń tọ́jú ọmọ. Ẹni tí ó mọ ìgbín ni yóò tọ́jú odò.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kàwé yìí ni ó ń tètè ríṣẹ́. Lọ́yà pẹ̀lú ń wáṣẹ́ nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di olùkọ́, mo sì bi yín: ta ni yóò kọ́ ọmọ tí ẹ fẹ́ kí ó di dókítà ní báyọ́lọ́jì?

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí á ṣí owó ìrànlọ́wọ́ náà sílẹ̀ fún gbogbo ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Yunifásítì Ahmadu Bello tí ó ti wà ní Zaria láti 1962. Kí ọmọ tí ó bá gbà á máa fi èsì ìdánwò rẹ̀ hàn wá lọ́dọọdún. Bí ó bá gba ìsinmi, kí ó wá bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ nípa kànga àti odò tí a ń lò. Ìwọ̀nyí ni kí á fi dán an wò, kì í ṣe orúkọ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń jẹ́.

Ọmọ opó yẹn kò tíì rí owó san. Ní ìpàdé tí ń bọ̀ ni a óò dìbò. Èmi yóò nawọ́ sókè fún un, mo sì bẹ bàbá tí ó béèrè ìbéèrè nípa ọ̀pọ̀lọ́ pé kí ó bá mi nawọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.