Antivirus Kọ́ Ló Ń Pa Láptọ́ọ̀pù Yín

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń wọ́ bí ìgbín lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kí ẹ sọ fún ẹnjiníà àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá pé kò yára mọ́. Kò ní í tíì ṣí i tán kó tó dáhùn pé: "Antivirus ló ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò." Akẹ́kọ̀ọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Atẹ̀wé ẹnu géètì iléèwé gbà bẹ́ẹ̀. Kódà, bùrọ̀dá tó wà ní Peckham á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí àbúrò òun tètè pa á. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ díẹ̀ wà nínú irọ́ náà, ìdí nìyẹn tí kò fi tètè kú.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé antivirus ń jẹun. Láti orí Windows 8, lọ́dún 2012, ni Microsoft ti ń fi Defender sínú Windows fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí antivirus. Ẹni tó bá ṣí Task Manager á rí i níbẹ̀, Antimalware Service Executable ni wọ́n kọ sí i lára. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, àwọn ènìyàn sì máa ń pa méjèèjì pọ̀. Bí fáìlì kan bá fẹ́ ṣí, á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jẹ́ kó kọjá. Èyí kì í dáwọ́ dúró, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Iṣẹ́ kejì ni àyẹ̀wò ńlá: bí àkókò rẹ̀ bá tó, á máa ti orí fáìlì kan bọ́ sórí òmíràn nínú ẹ̀rọ. Èyí kejì yìí ló ń mú kí ẹ tẹ lẹ́tà kan, kí ẹ sì mí kanlẹ̀ kí ó tó yọjú.

Kí ló wá dé tí kò hàn lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn? Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú, hard disk tó ń yí ló wà níbẹ̀, òmíràn ń yí nígbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan ló sì ń sáré síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti wá fáìlì. Apá kan yẹn ni Windows Update ń dù, òun ni OneDrive ń dù, òun ni Chrome ń dù. Bí RAM bá jẹ́ 4GB péré, ohun tí kò bá gba inú RAM, orí disk yẹn kan náà ni Windows ń kó o sí. Bí antivirus bá wá na ọwọ́ sí i, gbogbo nǹkan á dì pa. Ẹnjiníà rí ẹni tó dé kẹ́yìn, ó sì mú un lólè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà nìyí. Windows ní wákàtí tó fi ń tọ́jú ara rẹ̀, aago méjì òru ni wọ́n sì dá a sí láti ilé-iṣẹ́. Àyẹ̀wò Defender wà lára iṣẹ́ wákàtí náà. Níbi tí iná kì í ti í lọ, tí kọ̀ǹpútà ń sun orí wáyà lálaalẹ́, ẹni tó ni ín kì í mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ta ló ń tan láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ ní aago méjì òru ní Òṣogbo? Ẹ ti pa á, ẹ ti ká wáyà rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́ tipẹ́. Iṣẹ́ tí kò rí òru ṣe á wá máa ṣọ́ ìgbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn tí ọwọ́ yín sì kúrò lórí rẹ̀. Ẹ dìde lọ gbọ́ fóònù lásán, nígbà tí ẹ ó fi padà dé, láptọ́ọ̀pù ti ń mí hẹlẹ. Àwọn tó ṣe é kò ro ti NEPA mọ́ ọn. Èmi kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Àwa tí a mọ NEPA ni kò yí aago náà padà.

Ó sì ṣeé yí. Ẹ ṣí Task Scheduler, ẹ wọ Microsoft, ẹ wọ Windows, ẹ wọ Windows Defender, ẹ ó rí Windows Defender Scheduled Scan. Wákàtí tí iná máa ń wà tí ẹ kì í sì í ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fún un: ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lè fún un ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ èyí:

Set-MpPreference -ScanAvgCPULoadFactor 20

Ìdá 50 nínú 100 agbára ẹ̀rọ ni wọ́n fún àyẹ̀wò náà láti ilé-iṣẹ́. Ẹ ti sọ ọ́ di 20 báyìí. Àyẹ̀wò á pẹ́ sí i, kò sì ní í fún yín lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Iye náà kì í ṣe odi tí kò ṣeé fò, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ á máa gbìyànjú láti dúró sí ni, kò sì kan iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, ti fáìlì tó ń ṣí. Bákan náà, ẹ fi full scan, àyẹ̀wò gbogbo inú ẹ̀rọ, sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ bá fura. Quick scan tó fún ojoojúmọ́, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá ti pa aṣọ́nà ẹnu ọ̀nà, ìyẹn iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn.

Àwọn kan tún wà tí ìbẹ̀rù tiwọn gba ọ̀nà òdìkejì: ọ̀kan kò tó wọn, wọ́n fi méjì sí i. Bí ẹ bá gbé antivirus ilé-iṣẹ́ mìíràn sórí Windows 10 tàbí 11, Defender á yẹ̀ fún un fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì tí ẹ gbé wá láti òde kì í yẹ̀ fún ara wọn. Bí ọlọ́dẹ méjì tí kò mọra wọn ṣe máa ń dá ara wọn dúró lóru ni: èyí ṣí fáìlì láti yẹ̀ ẹ́ wò, èkejì rí i pé fáìlì ṣí, òun náà fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà míì, ọ̀kan nínú wọn ni ti ìdánwò ọ̀fẹ́ tó bá láptọ́ọ̀pù wá, tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé tipẹ́. Ìyẹn ni kí ẹ yọ. Lórí ìyẹn, mo fara mọ́ ẹnjiníà.

Kí ló kù fún ẹni tó yọ gbogbo rẹ̀? Fláàṣì. Ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan, fláàṣì ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn ń wọ ojú ihò kan náà láàárọ̀ kan. Ní ìparí ọdún 2008 ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Conficker jáde, ẹ̀yà rẹ̀ kejì sì ń gba inú fláàṣì kọjá nípa ohun tí wọ́n ń pè ní Autorun, tó ń jẹ́ kí nǹkan inú fláàṣì ṣí fúnra rẹ̀. Ó di wàhálà débi pé Microsoft fi $250,000 lélẹ̀ ní 2009 fún ẹni tó bá lè mú kí ọwọ́ tẹ àwọn tó ṣe é. Ọdún 2011 ni wọ́n tó pa Autorun fláàṣì lórí Windows XP àti Vista. Ṣé ó tán? Akẹ́kọ̀ọ́ wo ni kò tíì rí shortcut virus, tó ń fi fóódà ẹni pamọ́, tó sì ń fi shortcut rọ́pò rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ ẹni ni ẹni á fi tẹ̀ ẹ́ jí? Ẹni tó fẹ́ dáàbò bo iṣẹ́ àṣekágbá ọdún mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn "yọ ọ́ kúrò".

Ẹ tún béèrè pé ta ló ń jèrè nínú ìgbàgbọ́ yìí. Ẹ wo ìlànà tó máa ń bá sọ́fítíwíà ayédèrú wá: ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ pa antivirus. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò pa á, C: látòkèdélẹ̀ ni wọ́n kọ sínú exclusions, pé kó má ṣe wò ó mọ́. Exclusions dára fún fóódà kan ṣoṣo tí ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tó ń da iṣẹ́ rú. Bí ẹ kò bá mọ fóódà tó jẹ́, New-MpPerformanceRecording wà nínú PowerShell láti fi wá a. Fóódà Downloads ni kí ẹ má fi síbẹ̀ láéláé.

Ẹni tó ń lo Linux lórí ẹ̀rọ 2GB lè fi wá rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ yàtọ̀ lóòótọ́: clamd, apá tó ń ṣọ́nà nínú antivirus tó ń jẹ́ ClamAV, lè gba ju 1GB RAM lọ kó tó ṣe ohunkóhun, n kò sì ní í sọ pé kó gbé e sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, SSD ni kí ẹ fi rà. Kò sí apá tó ń sáré kiri nínú rẹ̀, ẹjọ́ tí wọ́n ń rò mọ́ antivirus lẹ́sẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́jọ́ kan. Bí kò bá sí, tí ẹnjiníà sì ti na ọwọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣí Task Manager lójú yín, kó tẹ orí Disk kí ẹni tó ń jẹ jù bọ́ sókè, kí ẹ jọ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí orúkọ tó wà lókè kò bá jẹ́ Antimalware Service Executable, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín.